Nígbà Tí Àdó Olóró Di Ilé Ẹran Omi

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí àwòrán kan ò fi ọkàn mi sílẹ̀. Nínú Òkun Baltic ni wọ́n ti yà á, ní etíkun Lübeck, lápá àríwá Jámánì. Orí àdó olóró kan ló wà nínú rẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń pè ní V-1, tí ìjọba Hitler fi fojú àwọn ará London rí màbo nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Irin ara rẹ̀ ti dógùn-ún, ó ti jẹ lu, ẹ̀tù TNT inú rẹ̀ sì ti hàn síta. Lórí ẹ̀tù yẹn gan-an ni àwọn ẹran omi onírìísí ìràwọ̀ péjọ sí. Wọ́n lé ní ogójì. Wọ́n nà tàntàn síbẹ̀, ara tù wọ́n.

Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Andrey Vedenin, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló gbé ìwádìí tí àwòrán náà bá jáde síta ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025. Wọ́n fi róbọ́ọ̀tì ránṣẹ́ sísàlẹ̀ omi, wọ́n ya fídíò, wọ́n sì ka ohun tí wọ́n rí. Lórí àwọn àdó náà, ẹ̀dá tó tó 43,000 ló wà lórí mítà kan níbùú lóròó. Lórí ẹrẹ̀ tó yí wọn ká, nǹkan bí 8,200 péré ni.

Kì í ṣe ìwádìí yẹn ló ń jẹ mí lọ́kàn. Ọ̀rọ̀ tí àwọn tó ń pín àwòrán náà kiri ń fi kún un ni: pé ayé ti wo ara rẹ̀ sàn, pé ohun tí ọmọ aráyé jù nù ti di rere, pé kí wọ́n fi àwọn àdó náà sílẹ̀ jẹ́jẹ́ níbi tí wọ́n wà. Ara mi kọ ọ̀rọ̀ yẹn lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n 43,000 kì í ṣe iye tí èèyàn lè fọwọ́ gbá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo ní láti kàwé kí n tó lè sọ ìdí tí ara mi fi kọ̀ ọ́.

## Òkúta tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀

Mọ́sùlì, ìyẹn ẹran omi oníkarawun kan, àti ọ̀pọ̀ ẹ̀dá tó ń bá a gbé ń fẹ́ ibi líle tí wọ́n máa lẹ̀ mọ́. Ẹrẹ̀ kò ṣe é lẹ̀ mọ́. Ní etíkun Baltic ti Jámánì, òkúta ńláńlá ló jẹ́ ibi líle yẹn látijọ́. Yìnyín ayé àtijọ́ ló kó wọn dé ibẹ̀. Àwọn èèyàn wá sọ òkúta náà di ọjà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí di àwọn ọdún 1970, iṣẹ́ àwọn kan ni láti máa fi ọkọ̀ gbé òkúta sókè láti ìsàlẹ̀ omi kí wọ́n lè fi kọ́ èbúté àti ògiri tó ń dá ìgbì dúró. Bí òkúta ṣe ń lọ ni ilé àwọn ẹran omi náà ń lọ.

Ìyẹn ló jẹ́ kí n padà wo iye méjèèjì yẹn pẹ̀lú ojú míì. Ẹrẹ̀ tí wọ́n ka 8,200 lórí rẹ̀ kì í ṣe bí òkun náà ṣe rí kí ọwọ́ èèyàn tó kàn án. Òkun tí a ti kó ẹrù rẹ̀ lọ ni. Àwọn ẹ̀dá yẹn kò fi òkúta sílẹ̀ lọ bá àdó. Òkúta ni kò sí mọ́, irin àdó ló kù tó le. Ẹni tó bá wá fi àwòrán náà ṣe ẹ̀rí pé àdó olóró ń ṣe òkun lóore ti gbàgbé ẹni tó kó òkúta.

Ìwádìí kan náà tún sọ pé ara irin tó bo àdó ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn ń gbé, pé wọn kò fi bẹ́ẹ̀ sí lórí ẹ̀tù tó wà ní ìhòòhò. Wọ́n wọn omi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn àdó náà pẹ̀lú. TNT àti àwọn ìbátan rẹ̀ tí wọ́n bá nínú lítà omi kan bẹ̀rẹ̀ láti 30 nánógíráàmù, ó sì gòkè dé mílígíráàmù 2.7, èyí tó ti ń sún mọ́ iye tó ń ṣe ẹran omi léṣe. Irin yẹn ṣì ń jẹ. Lọ́jọ́ tó bá jẹ tán, ilé ti wó, májèlé nìkan ló kù.

## Ọjọ́ mẹ́rin ní Fehmarnbelt

Bí fífi wọ́n sílẹ̀ kò bá dára, ṣé kí wọ́n fọ́ wọn ká sì gbàgbé? Èrò yẹn ló wà lọ́kàn èmi náà títí mo fi ka ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Fehmarnbelt.

Láti ọjọ́ 28 sí ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 2019, ikọ̀ NATO kan fọ́ àdó abẹ́ omi 42 ní ojú omi tóóró tó wà láàárín Jámánì àti Dẹ́ńmáàkì. Àdó àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni, láti ìgbà ogun. Ọkọ̀ ojú omi ńláńlá ń gba ibẹ̀ kọjá lójoojúmọ́, nítorí náà kò ṣòro láti mọ ìdí tí ẹnikẹ́ni fi máa fẹ́ kí wọ́n kúrò níbẹ̀. Ọ̀nà tí àwọn ológun ti mọ̀ látọjọ́ pípẹ́ ni wọ́n gbà: wọ́n yin àwọn àdó náà níbi tí wọ́n wà. Àmọ́ apá kan ibi tí wọ́n ti yìn wọ́n wà lára ibi tí Jámánì yà sọ́tọ̀ fún ààbò ẹ̀dá inú òkun.

Ẹran kan ń gbé inú omi yẹn tí àwọn ará Jámánì ń pè ní Schweinswal. Ìbátan dọ́fíìnì ni, ó kéré jù ú lọ. Afẹ́fẹ́ ló ń mí, ó ń bímọ, ó ń fọ́mọ lọ́mú. Etí ló fi ń ríran. Á gbé ohùn jáde, á dúró gbọ́ bí ohùn náà ṣe padà sọ́dọ̀ rẹ̀, ohun tó bá gbọ́ ló fi máa mọ ibi tí ẹja wà, ibi tí ọmọ rẹ̀ wà, ibi tí àwọ̀n àwọn apẹja wà. Nínú omi, ohùn ń sáré ju ti inú afẹ́fẹ́ lọ ní ìlọ́po mẹ́rin, ó sì ń lọ jìnnà. Bí àdó bá bú níbẹ̀, ẹran tí kò sí nítòsí rárá lè fara gbá a.

Láàárín oṣù kẹsàn-án sí oṣù kọkànlá ọdún yẹn, wọ́n rí 24 nínú àwọn ẹran yìí tó kú sí etíkun Schleswig-Holstein, ìpínlẹ̀ kan ní àríwá Jámánì. Àwọn onímọ̀ gbé wọn lọ, wọ́n là wọ́n wò, wọ́n sì fi ẹ̀rọ tó ń yàwòrán inú egungun wo egungun etí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú mẹ́jọ, wọ́n rí egungun kéékèèké inú etí tó ti sán tàbí tó ti yẹ̀ kúrò nípò, wọ́n sì rí ẹ̀jẹ̀ tó ti ya sínú ọ̀rá àgbọ̀n ìsàlẹ̀, ibi tí ohùn ń gbà wọ etí. Àpẹẹrẹ ìbúgbàù nìyẹn. Méjì míì tún wà tí àpẹẹrẹ kan náà wà lára wọn, ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé ohun míì ló pa wọ́n: nǹkan kan gbá ọ̀kan, èkejì kú sínú àwọ̀n. Àwọn 14 tó kù, oríṣiríṣi nǹkan ló pa wọ́n, wọ́n sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó wù mí púpọ̀ pé wọn kò ka gbogbo 24 sí àdó náà lọ́rùn. Ìwádìí tó bá ń wá ẹni tó máa dá lẹ́bi kì í kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Ẹyọ kan tó kú sínú àwọ̀n yẹn ni mi ò lè kúrò lórí rẹ̀. Bí kò bá sí ẹni tó ya egungun etí rẹ̀ wò, àwọ̀n ni wọn ì bá kọ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ ì bá sì parí síbẹ̀. Apẹja ni wọn ì bá bá wí. Ẹran tí etí rẹ̀ ti bàjẹ́, tó jẹ́ pé etí ló fi ń mọ ibi tí àwọ̀n wà, báwo ló ṣe máa yẹra fún àwọ̀n? Ìgbà yẹn ló yé mi pé ìpalára tí àwọn nǹkan yìí ń ṣe lè fara pa mọ́ sẹ́yìn ohun míì tó rọrùn láti rí. A ò lè rí i àyàfi bí ẹnì kan bá tẹ̀ síwájú láti béèrè lẹ́yìn tí ìdáhùn àkọ́kọ́ ti tó fún gbogbo èèyàn. Látìgbà náà ni mi ò ti lè ka ọ̀rọ̀ "ó ti parí" nípa ohunkóhun tó wà lábẹ́ omi láìbéèrè pé ta ló lọ wò ó.

## Ohun tí mọ́sùlì sọ

Nítòsí Kiel, ìlú kan ní etíkun Baltic ti Jámánì, ibì kan wà tó ń jẹ́ Kolberger Heide. Omi rẹ̀ kò jìn rárá, ó sì wà nítòsí etíkun tí àwọn èèyàn ń lọ lúwẹ̀ẹ́. Àdó abẹ́ omi àti tọ̀pídò ló dùbúlẹ̀ síbẹ̀ jọ bí igi ìdáná. Edmund Maser àti Jennifer Strehse ti Yunifásítì Kiel ronú nǹkan kan tí mo gbà pé ọgbọ́n gidi ni. Wọ́n kó mọ́sùlì sínú àpò, wọ́n so wọ́n mọ́ ìtòsí àwọn àdó náà, wọ́n fi wọ́n síbẹ̀ fún oṣù mélòó kan, wọ́n sì padà lọ kó wọn. Mọ́sùlì kò lè sá. Omi ló ń gbà wọlé, tó ń sẹ́ oúnjẹ nínú rẹ̀, tó sì ń tú jáde tọ̀sán tòru. Ohun tó bá wà nínú omi á kù sínú ẹran ara rẹ̀.

Wọ́n bá ohun tí TNT ń yí padà dà nínú àwọn tí wọ́n so mọ́ ìtòsí àdó tí irin rẹ̀ ṣì bò ó. Ṣùgbọ́n nínú àwọn tí wọ́n fi sí ẹ̀gbẹ́ ògúlùtu ẹ̀tù tó wà nílẹ̀ láìní irin lára, ó pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì, wọ́n sì bá TNT fúnra rẹ̀ pẹ̀lú. Níbo ni ògúlùtu yẹn ti wá? Láti inú àwọn àdó tí wọ́n ti yìn níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ kí ewu lè kúrò. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀tù inú àdó ló ń jóná nígbà tó bá bú. Èyí tó kù á fọ́n káàkiri, kò ní ní ohun tó bò ó mọ́, omi á sì máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n fi ń wá ààbò fún ọkọ̀ ló tú májèlé sílẹ̀ fún ẹja.

Àwọn tó ń ṣàyẹ̀wò ẹja pẹlẹbẹ inú omi yẹn rí i pé ìdámẹ́rin èyí tí wọ́n pa ní Kolberger Heide ló ní kókó lára ẹ̀dọ̀. Níbòmíràn tí wọ́n fi ṣe ìfiwéra, kò ju nǹkan bíi márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka èyí kó wá bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù ẹja inú ìkòkò rẹ̀. Ohun tí wọ́n ti rí títí di ìsinsìnyí kò fi hàn pé ẹja ọjà ti di ewu fún ẹni tó ń jẹ ẹ́. Ẹja tó ń gbé ibẹ̀ ni mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Òun náà lẹ́dọ̀.

## Àwọn tó jù wọ́n

Nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.6 tọ́ọ̀nù ohun ìjà ló wà ní ìsàlẹ̀ omi Jámánì nìkan, mílíọ̀nù 1.3 nínú rẹ̀ wà ní Òkun Àríwá, èyí tó kù wà ní Baltic. Lẹ́yìn ogun ni wọ́n da ọ̀pọ̀ jù lọ nínú rẹ̀ síbẹ̀, àwọn orílẹ̀-èdè tó borí ló pàṣẹ rẹ̀. Wọ́n háyà àwọn apẹja àtàwọn ọlọ́kọ̀, wọ́n sì ń san owó iye ìgbà tí kálukú bá lọ. Ẹni tó bá yára lọ yára bọ̀ ló máa rí owó jù, nítorí náà àwọn kan da ẹrù tiwọn sójú ọ̀nà láìdé ibi tí wọ́n ní kí wọ́n dà á sí. Ìdí nìyẹn tí àdó fi wà níbi tí máàpù kankan kò sọ.

Mi ò lè bú wọn. Ẹni tó bá wà ní Èkó ní ọjọ́ 27 oṣù kìíní ọdún 2002 mọ ohun tí ohun ìjà tó wà láàárín ìlú lè ṣe. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ni. Iná ran ibi tí wọ́n kó ohun ìjà sí ní bárékè Ìkejà, ó sì ń bú léraléra. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún èèyàn tó kú, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì rì sínú kánálì Òkè-Àfà níbi tí wọ́n ti ń sáré àsálà nínú òkùnkùn, àwọn ọmọdé pọ̀ nínú wọn. Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, tí ẹnì kan bá ní òun fẹ́ kí irú ẹrù bẹ́ẹ̀ jìnnà réré sí ibi tí ọmọ òun ń sùn, ó yé mi. Ní 1945, ìlú Jámánì ti di àlàpà, ohun ìjà wà níbi gbogbo, òkun sì wà nítòsí. Èmi náà ì bá tọ́ka sí òkun.

Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní ẹni tó bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ni yóò bá. Ní 1947 àti 1948, wọ́n da ohun ìjà oníkẹ́míkà tó tó 32,000 tọ́ọ̀nù sínú omi nítòsí erékùṣù Bornholm ti Dẹ́ńmáàkì. Gáàsì músítádì pọ̀ nínú rẹ̀. Gáàsì ni wọ́n ń pè é, àmọ́ nínú omi tútù kì í fò lọ. Ṣe ló ń dì, tí ara rẹ̀ á le, tí inú rẹ̀ á ṣì jẹ́ májèlé pípé lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Á wá bá ẹja gòkè nínú àwọ̀n, á jọ ẹrẹ̀ alámọ̀ lásán. Apẹja á fọwọ́ mú un kó lè jù ú padà. Kò ní dùn ún lójú ẹsẹ̀; ó di wákàtí mélòó kan kí awọ ara rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bó. Àwọn apẹja Bornholm tí èyí ṣẹlẹ̀ sí kì í ṣe àwọn tó ja ogun, àwọn míì nínú wọn ni wọn kò tíì bí nígbà ogun.

Àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí àdéhùn ní London ní 1972 pé àwọn ò ní máa da irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sínú òkun mọ́. Èyí tó dùn mí ni àdéhùn àgbáyé tó fòfin de ohun ìjà oníkẹ́míkà, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1997. Ó pàṣẹ fún gbogbo orílẹ̀-èdè tó bá fọwọ́ sí i pé kí wọ́n jẹ́wọ́ ohun tí wọ́n ní, kí wọ́n sì pa á run. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n bá ti dà sínú òkun kí ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1985 tó pé, kò pọn dandan kí wọ́n jẹ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Òfin wá gba ẹni tó ṣu láyè láti gbàgbé.

## Ọwọ́ pẹ̀lẹ́

Aaron Beck àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní GEOMAR, ilé ìwádìí òkun tó wà ní Kiel, ti bu omi tó tó 1,000 ìgò láti apá gúúsù ìwọ̀-oòrùn Baltic. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí èyí tí wọn ò bá kẹ́míkà ohun ìjà nínú rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibi kò tíì tó ohun tó ń pani lára, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ṣírò gbogbo rẹ̀, nǹkan bíi 3,000 kìlógíráàmù ló ti yòrò sínú omi yẹn. Ìyẹn nígbà tí irin ṣì bo ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn àdó náà.

Ohun tí Jámánì wá ń ṣe ní etíkun Lübeck láti ọdún 2024 ni mo fara mọ́ jù lọ nínú gbogbo ohun tí mo kà. Wọ́n ya 100 mílíọ̀nù owó Yúrò sọ́tọ̀. Wọn ò yin nǹkan kan. Róbọ́ọ̀tì àti àwọn òmùwẹ̀ ń ṣa àwọn ohun ìjà náà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń mọ irú èyí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́, wọ́n ń tò ó, èrò wọn sì ni láti kọ́ pèpéle kan sórí omi tí wọ́n á ti máa sun ún láìgbé e gba àárín ìlú. Níbi tó bá di dandan kí wọ́n yin èyí tí kò ṣe é gbé, ọ̀nà ti wà: wọ́n á fi páìpù oníhò yí i ká nísàlẹ̀ omi, wọ́n á máa fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀, hóró afẹ́fẹ́ tó ń ru sókè á sì dín agbára ìró náà kù kó tó dé etí Schweinswal.

Ó ń falẹ̀, mo mọ̀. Bí èèyàn bá fi ohun tí wọ́n ń gbé jáde wé mílíọ̀nù 1.6 tọ́ọ̀nù, á fẹ́rẹ̀ẹ́ sú u. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Ìkánjú ló da àwọn àdó yìí sí ojú ọ̀nà tí kò sí lórí máàpù, ìkánjú ló fọ́n ògúlùtu ẹ̀tù sí Kolberger Heide. Mi ò rí ìdí kankan láti rò pé ìkánjú kẹta ló máa tún un ṣe. Vedenin àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tiẹ̀ dá a lábàá pé tí wọ́n bá gbé àdó kúrò, kí wọ́n fi ohun líle tí kò ní májèlé rọ́pò rẹ̀ fún àwọn ẹ̀dá tó ń gbé ibẹ̀. Ó yẹ kí owó ìyẹn wà nínú ètò náà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ibi wà tí omi ti jìn débi pé kò sẹ́ni tó máa gbé nǹkan kan jáde níbẹ̀. Beaufort's Dyke wà láàárín Scotland àti Northern Ireland, ó jìn ju 200 mítà lọ ní ọ̀pọ̀ ibi, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì da ohun ìjà tó lé ní mílíọ̀nù kan tọ́ọ̀nù sínú rẹ̀. Wọ́n fi í sílẹ̀. Mi ò sọ pé kí wọ́n má fi í sílẹ̀, ṣùgbọ́n fífi nǹkan sílẹ̀ náà ní iṣẹ́ tirẹ̀: kéèyàn máa padà lọ wò ó, kó máa bu omi rẹ̀, kó máa ya àwòrán rẹ̀, kó mọ̀ bóyá ó ti rìn. Ní 1995, nígbà tí wọ́n ń rì páìpù gáàsì gba ìtòsí ibẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ohun ìjà onífọ́sífọ́ọ̀sì léfòó dé etíkun Scotland. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ máa ń gbiná bó bá ti gbẹ. Ọmọdé kan he ọ̀kan, ó sì jó o. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni àwọn onímọ̀ ìjọba gbé kámẹ́rà lọ sísàlẹ̀ omi náà, tí wọ́n sì rí i pé ohun ìjà ti wà kọjá ààlà tí wọ́n fà sórí máàpù. Iná ti jó ọmọ náà kí wọ́n tó lọ wò ó.